Ìyá Alábọ́ àti Ọkùnrin tó Ní Òun Dárí Jì Wọ́n

Wọ́n ti di òkú ìyá ìyá mi tán, òjò sì ń rọ̀ sórí tapólì tí a ta síwájú ilé wa ní Attécoubé, nígbà tí ẹni tó ń bá wa ṣe ìkéde béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè níbi òkú Mùsùlùmí: ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá ṣẹ̀, kó jọ̀wọ́, kó dárí jì wọ́n kí á tó gbé wọn kúrò nílé. Ó ti pẹ́ tí èdè Jùlá ti wọ ẹnu àwọn àgbà wa ní Abidjan, nítorí náà "Yafa, ẹ bá wa yafa fún wọn" ni ọkùnrin náà ń pariwo. Gbogbo èrò dáhùn pé àwọn ti dárí jì. Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Àmọ́ arúgbó kan fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde láàárín àwọn ọkùnrin, ó ní òun pàápàá ti dárí jì wọ́n nítorí ohun tí wọ́n fojú òun rí lórí omi. Àwọn èèyàn ké kábárà. Ẹnì kan tiẹ̀ gbé àga tó dára fún un.

Inú pálọ̀ ni mo wà láàárín àwọn obìnrin, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Bàbá Súfù ni wọ́n ń pe arúgbó náà. Ilé ìwé Faransé ni mo lọ, Faransé ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Le Plateau, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fẹ́ fi kọ èyí, kí àwọn tó ké kábárà lọ́jọ́ náà lè kà á, kí ẹni tí kò lè kàwé sì wá ẹni tó máa kà á sí i létí. Ìyá mi àgbà, "wọ́n" ni màá máa pè wọ́n. Bàbá Súfù, "ó" ni màá máa pè é. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó bínú.

Ìyá kò ga, wọn ò sì sanra. Abọ́ onírin tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn, tí òdòdó wà létí rẹ̀, ni wọ́n ń tà, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò Treichville fi ń pè wọ́n ní Ìyá Alábọ́. Àwọn ará abúlé etí odò ní tiwọn ń pè wọ́n ní Tantie Anango, nítorí Anango ni wọ́n ń pe gbogbo àwa ọmọ Yorùbá ní ilẹ̀ yìí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, ìyàwó ọ̀ṣìngín ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n á wọ gbáká, ọkọ̀ akérò kékeré, láti Treichville lọ sí Grand-Bassam, wọ́n á wá wọ ọkọ̀ ojú omi gba odò Comoé lọ sí ọjà àwọn abúlé òkè. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà ṣe òjò.

Wọ́n kórìíra agbòjò. Nígbà òjò, ọ̀rá ńlá kan ni wọ́n máa ń dì mọ́ orí bíi gèlè, wọ́n á so ó sábẹ́ àgbọ̀n, wọ́n á sì jókòó síwájú ọkọ̀ kí òjò máa na wọ́n lójú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ, mo mú agbòjò pupa kan dání tí màmá mi rà fún mi. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ní èbúté, wọ́n fi ta obìnrin kan tó ń ta attiéké, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, lọ́rẹ. Mo sunkún. Wọ́n ní, "Ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń wọkọ̀."

Ẹni tí kò bá mọ ìsàlẹ̀ odò Comoé á rò pé omi rẹ̀ kàn ń ṣàn lọ sínú òkun ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí òkun bá ń kún, omi á yíjú padà, á gba inú odò lọ sókè, ọkọ̀ tó bá bá a rìn á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí òkun bá sì ń fà, tí òjò òkè tún wá kún un, omi á máa wọ́ igi gbígbẹ bọ̀ láti inú igbó, àwọn òkìtì iyanrìn á yọrí, ẹ́ńjìnnì á kàn máa ké lójú kan. Ìyá ri ọ̀pá ọparun kan mọ́lẹ̀ ní èbúté, wọ́n fi ọ̀bẹ fá àmì mẹ́ta sí i lára. Bí omi kò bá tíì dé àmì kejì, wọn ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ wọn gbéra, ì báà jẹ́ pé gbogbo èrò ọkọ̀ ń bú wọn. Wọ́n á ṣí abọ́ oúnjẹ wọn, wọ́n á máa jẹun. Mo rántí awakọ̀ kan tó sọ pé òjò máa pa ọjà òun, pé kí wọ́n jẹ́ ká máa lọ. Ìyá kò wò ó. Wọ́n ní, "Ọjà ò lè sá lọ. Jẹun."

Ìgbà tí wọ́n dàgbà tí wọn ò lè rìnrìn àjò mọ́, wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Attécoubé, lórí òkè tí èèyàn ti ń rí ọ̀sà. Ní gbogbo àárọ̀, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa wo ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwa òṣìṣẹ́ lọ sí Plateau, wọ́n á sì máa dá awakọ̀ lẹ́jọ́ láti òkè níbẹ̀. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ta ló wa ọkọ̀ wa. Mi ò mọ̀ rí. Ta ló ń wo ojú awakọ̀? Olúkúlùkù ti ki nǹkan bọ etí, ó ń wo fóònù. Èyí máa ń bí wọn nínú gan-an. Wọ́n ní, "O gbé ẹ̀mí ẹ fún èèyàn, o ò wojú ẹ̀."

Nínú ìjà, Ìyá kì í pariwo. Bí wọ́n bá bá ẹ jà, ọ̀rọ̀ méjì péré lo máa gbọ́: "Mo gbọ́." Ní gbogbo oṣù ààwẹ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa ń wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá Bàbá Súfù parí ọ̀rọ̀. Ìyá á kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà náà, wọ́n á fún wọn ní omi, wọ́n á tẹ́tí sílẹ̀ títí àwọn àgbà á fi sọ̀rọ̀ tán, Ìyá á wá ní, "Mo gbọ́." Inú àwọn àgbà á dùn, wọ́n á lọ ròyìn pé ó ti parí. Ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á tún wá.

Tí Iléyá bá wá dé, Ìyá á há ẹran fún gbogbo ilé ọmọ ìlú wa ní Treichville. Fún ilé Bàbá Súfù, abọ́ tó dára jù nínú ọjà wọn ni wọ́n máa ń mú. Wọ́n á nù ún títí á fi máa dán, wọ́n á fi abọ́ mìíràn dé e, wọ́n á fi aṣọ funfun dì í. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á wọlé, á fọ abọ́ náà, á dá a padà fún mi, á ní kí n kí Ìyá. Ọdọọdún. Mo bi Ìyá léèrè ìdí tí obìnrin náà fi ń fọ abọ́ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Kí wọ́n tó bí màmá mi, Ìyá ti bí ọmọkùnrin kan. Ọmọ náà ti tó ọmọ ọdún méjì, ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí lọ́jọ́ tí wọ́n wọ ọkọ̀ Bàbá Súfù ní àkókò òjò ńlá. Bàbá Súfù ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ rẹ̀ ni, ara ń yá a, kò fẹ́ dúró de òkun. Omi ń fà nígbà tó gbéra. Kí wọ́n tó rìn jìnnà, ọkọ̀ jókòó sórí iyanrìn láàárín odò. Àṣà odò yẹn ni pé bí ọkọ̀ bá jókòó, àwọn ọkùnrin á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á tì í. Ìyá ọlọ́mọ kì í bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin bọ́ sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n tì í, kò lọ. Ó kù díẹ̀ kó fúyẹ́. Bàbá Súfù wá wo àwọn obìnrin tó wà nínú ọkọ̀. Ọmọ abúlé òkè ni gbogbo wọn àfi ẹnì kan, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ló ni èbúté tó ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Bó bá sọ ọ̀kan nínú wọn kalẹ̀ sínú òjò, ìjà ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí kò lè bá a jà, ìyẹn Ìyá, ẹni tí wọ́n jọ wá láti ìlú kan náà, tí òun Bàbá Súfù sì jẹ ẹran àgbò ìsọmọlórúkọ ọmọ wọn. Ó fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀ kí àwọn tó kù má bàa gbọ́.

"Ará ilé ni ẹ́, ó máa yé ẹ. Bọ́ sílẹ̀, mò ń padà bọ̀."

Ó yé wọn. Àwa èèyàn yìí, bí a bá dé ilẹ̀ onílẹ̀, ẹni tiwa la kọ́kọ́ máa ń fìyà jẹ, nítorí a mọ̀ pé kò ní pariwo. Ìyá bọ́ sílẹ̀ tọmọ tọmọ. Ọkọ̀ fúyẹ́, ó léfòó, àwọn ọkùnrin gun un padà, ẹ́ńjìnnì sì ké. Ìyá rí ẹrù abọ́ wọn bó ṣe ń lọ nínú òjò. Bàbá Súfù sọ lẹ́yìn náà pé bí òun bá yí padà ni, omi ì bá tún gbé òun lu iyanrìn. Ó bá tirẹ̀ lọ sí ọjà. Ó ja ẹrù Ìyá sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tò ó síbi tí wọ́n máa ń pàtẹ sí. Abọ́ kan ò tẹ̀, kan ò bó.

Òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ó dé orúnkún, ó dé ikùn. Wọ́n tú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n gbé e ka èjìká. Nígbà tí omi dé àyà wọn, òjò náà pọ̀ débi pé wọn ò rí etí odò lápá ọ̀tún, wọn ò rí i lápá òsì. Apẹja ọmọ Gánà kan tó ń wọ́ àwọ̀n rẹ̀ lọ sílé ló rí wọn, tó sì gbé wọn. Gbogbo ọ̀nà ni ọmọ náà fi ń gbọ̀n. Ibà dé, àyà rẹ̀ dí. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n sin ín ní Treichville.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Wọ́n ní ilẹ̀ àjèjì la wà, kò yẹ kí onílẹ̀ gbọ́ pé Anango fi Anango sílẹ̀ lójú omi. Bàbá Súfù dọ̀bálẹ̀, ó ní òjò ni. Bàbá mi àgbà, oníwà tútù, gbà. Ẹnì kan wá tu Ìyá nínú pé kí wọ́n má sunkún mọ́, pé Ọlọ́run ló fún wọn lọ́mọ, òun náà ló gbà á. Ìyá nu ojú wọn. Wọ́n ní, "Ọlọ́run kọ́ ló wa ọkọ̀."

Látìgbà náà, ọ̀dọ̀ apẹja ọmọ Gánà yẹn ni wọ́n ń wọkọ̀ sí, ó sì kọ́ wọn ní omi: ibi tí iyanrìn ń sá lọ bí òjò bá rọ̀, ibi tí igi máa ń há sí, bí òkun ṣe ń kún gan-an nígbà tí òṣùpá bá kún tàbí nígbà tó bá lé, tí kì í sì í kún tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí òṣùpá bá wà ní ìlàjì. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ní ọkọ̀ tiwọn. Wọ́n gba awakọ̀, àwọn fúnra wọn á jókòó síwájú, wọ́n á máa fi ọwọ́ júwe. Ọkọ̀ Ìyá kì í jókòó sórí iyanrìn. Díẹ̀díẹ̀, èrò ọkọ̀ Bàbá Súfù ń kó bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, títí tó fi jẹ́ pé àwọn tí ọkọ̀ Ìyá kò gbà nìkan ló ń rí gbé. Èyí dùn mọ́ wọn. Ó dùn mọ́ èmi náà.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ìsinmi ilé ìwé ni, nígbà tí mo rí èyí tí mo máa rántí títí n óò fi kú. Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Ìyá dúró títí omi fi dé àmì kejì, a sì gbéra, omi ń tì wá. Bí a ṣe dé ibi òkìtì iyanrìn, a rí ọkọ̀ Bàbá Súfù. Igi tó ń bọ̀ láti òkè ti la ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ti rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyanrìn. Èèyàn mẹ́sàn-án àti Bàbá Súfù dúró síbẹ̀, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Ìyá ní kí awakọ̀ wa dúró. Wọ́n kó àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdé wọlé, lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku Bàbá Súfù. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sí etí ọkọ̀. Àyè kan ṣì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá wo àyè náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Gbé àpò ẹ síbẹ̀."

Mo gbé àpò mi síbẹ̀.

Wọ́n wá yíjú sí i, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un bó ṣe yẹ kí aya ilé bọ̀wọ̀ fún ẹni tó jù ú lọ. "Ọkọ̀ ti kún. Ará ilé ni yín, ó máa yé yín. Mò ń padà bọ̀."

Ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Obìnrin kan bẹ Ìyá ní Faransé, "Tantie, pardon," ó ní àgbàlagbà ni. Ìyá dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ilé àwọn ni. Nígbà tí a lọ jìnnà díẹ̀, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, mo bi wọ́n bóyá bàbá náà máa kú. Wọn ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ìlàjì òṣùpá la wà. Ìbàdí lomi máa mọ lónìí. Tèmi dé àyà."

Wọ́n ta abọ́ lọ́jọ́ náà bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí òkun fà tí oòrùn sì ń rọlẹ̀, a padà. Bàbá Súfù ṣì dúró sójú kan náà, ó rin gbindin, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ìlà omi wà lára ṣòkòtò rẹ̀, ní ìbàdí gẹ́lẹ́. Ìyá ní kí n gbé àpò mi kúrò, ó sì wọlé jókòó tì mí. Kò sẹ́ni tó fún un láṣọ.  Ìgbà tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní Grand-Bassam ni Ìyá tó bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Èmi padà."

Mo mọ̀ pé ìkà ni. Màmá mi ti sọ ọ́ fún mi pé ìkà ni. Àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn arúgbó yẹn lójú fèrèsé, tó ń dárí ji ẹni tó padà wá gbé e, tí àwọn èèyàn sì ń ké kábárà fún un, mo kábàámọ̀ pé òṣùpá ò kún lọ́jọ́ náà.

Bàbá Súfù wá síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Súfù ọmọ rẹ̀ ló dì í mú lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó ní òun fẹ́ rí màmá mi àti èmi. A jókòó sí pálọ̀. Ó ní òun ti darúgbó, ilẹ̀ ti ń pe òun, òun ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé òun lọ. Ó ní bí òun ṣe dárí jì wọ́n ní gbangba, kí àwa náà fi ẹnu Ìyá dárí ji òun. Omi wà lójú rẹ̀. Màmá mi kì í lè fara da ẹkún àgbàlagbà, wọ́n ti la ẹnu láti dárí jì í. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Mo ní, "Bàbá, kí lorúkọ ọmọ náà?"

Ó wò mí. Ó wo Súfù, Súfù wo ilẹ̀. Ó ní Ràfíù. Mo ní rárá. Ó tún ronú, ó ní àbí Làsísì ni. Mo tún ní rárá. Ó wà níbi ìsọmọlórúkọ yẹn ní Treichville, ó ṣe àmín sí orúkọ náà, ó jẹ ẹran. Màmá mi pa ẹnu wọn mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọn ò sì jáde mọ́ títí tó fi lọ.

Mo sọ fún un pé kó lọ wá orúkọ náà wá, pé ọjọ́ tó bá mú un wá, màmá mi á dá a lóhùn.

Ó ti rán lẹ́mọ̀ọ́mù sí mi. Súfù ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bàbá òun ò sùn mọ́, gbogbo orúkọ ọkùnrin tó mọ̀ ló ń pè, pé kí n ṣàánú kí n sọ ọ́ fún òun. Àwọn tó wà níbi ìsọmọlórúkọ náà ti kú tán, àfi bàbá rẹ̀. Èmi àti màmá mi, àwa tí Ìyá sọ ọ́ fún, nìkan ló kù tí a mọ orúkọ ọmọ yẹn, a ò sì ní sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ọ́ síbí.